Bí òbí tó wà lókè òkun ṣe lè yan ilé-ìwé fún ọmọ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta

Ìbéèrè tí àwọn ẹbí wa tó wà ní London, Houston tàbí Toronto máa ń kọ́kọ́ bi ará ilé ni pé, “Ilé-ìwé wo ló dára jù ní Abẹ́òkúta?” Kì í ṣe ìyẹn ló yẹ kó ṣáájú. Èyí tó yẹ kó ṣáájú ni pé: ta ni yóò gba ọmọ náà? Ilé-ìwé tó dára kò wọ́n níbí. Ẹni tí yóò dìde lóru lọ gbé ọmọ tí ibà dá dùbúlẹ̀ ní bọ́dìn (ilé-ìwé tí ọmọ ń sùn sí), tí yóò lọ jókòó níwájú pírínsípà nígbà tí èsì ìdánwò kò bá dára, tí kò sì ní fi owó ilé-ìwé ra sìmẹ́ǹtì, òun ló wọ́n. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé fúnra rẹ̀ dúró díẹ̀. Ohun mẹ́ta wà tó gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀.

Kí ni ọmọ ń bọ̀ wá gbà nílé?

Ẹ jókòó, bàbá àti ìyá, kí ẹ sọ ọ́ síta. Àwọn kan ń rán ọmọ wálé nítorí èdè: ọmọ ń gbọ́ Yorùbá, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń fèsì. Àwọn mìíràn ń ṣiṣẹ́ alẹ́, owó tí wọ́n ń san fún ẹni tó ń bá wọn tọ́jú ọmọ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó oṣù ẹnì kan nínú wọn. Àwọn kan rí i pé ọmọkùnrin wọn ti ń bá àwọn tó ń kó ọ̀bẹ kiri rìn, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Kò sí èyí tí kò bọ́gbọ́n mu níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilé-ìwé tó bá ọ̀kan mu lè má bá èkejì mu rárá.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ èdè. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aládàáni, pàápàá àwọn tí owó wọn ga, ni kì í fẹ́ kí ọmọ sọ Yorùbá nínú ọgbà. Àwọn kan ń fi ìyà jẹ ọmọ tó bá sọ ọ́. Ẹ wá wò ó: ẹ san owó ọkọ̀ òfurufú láti Manchester kí ọmọ lè mọ èdè àwọn bàbá rẹ̀, ó dé abẹ́ Olúmọ tán, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kó máa sọ. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí èdè ni, ilé-ìwé tí ọmọ ń ti ilé lọ, tó ń sùn lọ́dọ̀ ìyá àgbà, yóò ṣe é láǹfààní ju bọ́dìn olówó ńlá lọ. Ẹ bi ilé-ìwé náà gbangba: Ṣé ẹ ń kọ́ Yorùbá dé SS 3? Ṣé àwọn ọmọ yín ń fi Yorùbá ṣe WAEC? Ta ni tísà rẹ̀, ṣé iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn, àbí tísà CRS (ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Kristẹni) ni wọ́n fi dí àyè?

Bí ó bá jẹ́ pé nítorí ìwà ni, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí kò dùn láti gbọ́. Bọ́dìn kì í ṣe ilé àtúnṣe. Ọmọ tí inú ń bí, tí wọ́n tan wá sílé pé ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì ni, yóò gbé ìbínú náà wọ bọ́dìn. Ní ọdún 2024, ọmọkùnrin kan tí àwọn òbí rẹ̀ mú kúrò ní London lọ sí ilé-ìwé bọ́dìn ní Ghana láìjẹ́ kó mọ ibi tó ń lọ gbé wọn lọ sí kóòtù. Ní oṣù kejì ọdún 2025, Ilé-ẹjọ́ Gíga ní London dá àwọn òbí láre. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún kan náà, Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn ní kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́. Ẹ sọ fún ọmọ. Bó bá ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, ẹ fi àwòrán ilé-ìwé hàn án, kí ẹ jẹ́ kó bá ọmọ kan tó wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Ìwé àṣẹ òkè òkun

Èyí ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń gbàgbé, òun ló sì ń dáni lóró jù lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Ọdún mélòó ni ọmọ lè lò nílé kí ìwé rẹ̀ tó bàjẹ́?

Ní ìlú Ọba, ọmọ tó ní ìwé àṣẹ ìgbé láìlópin, tí kò tíì gba pásípọ́ọ̀tù wọn, ìwé náà yóò kú bí ó bá wà lẹ́yìn odi ju ọdún méjì lọ láìwọ ilẹ̀ náà. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ní gíríìn káàdì tó sì kọjá ọdún kan níta láìgba ìwé àṣẹ àtiwọlé padà ti wọ wàhálà. Inú Amẹ́ríkà gan-an lèèyàn ti ń béèrè ìwé àtiwọlé padà yẹn, ọdún méjì ló sì máa ń ní jù. Ní Kánádà, ọjọ́ 730 láàárín ọdún márùn-ún ni ẹni tó ní PR (ìwé àṣẹ ìgbé pípẹ́) gbọ́dọ̀ lò nínú ilẹ̀ wọn. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ kọ́kọ́ sọ ọmọ di ọmọ orílẹ̀-èdè náà kí ẹ tó gbé e wálé.

Ọmọ tó ní pásípọ́ọ̀tù ìlú Ọba gan-an ní ohun tó yẹ kó ṣọ́ra fún. Kí yunifásítì tó lè gba owó ọmọ onílé lọ́wọ́ rẹ̀, tí ìjọba yóò sì yá a lówó, wọ́n máa ń fẹ́ kó ti gbé ilẹ̀ náà fún ọdún mẹ́ta gbáko kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ bá jókòó sí Abẹ́òkúta títí tó fi ṣe WAEC lọ́mọ ọdún 17, tó wá padà ní ọdún 18 láti wọ yunifásítì, wọ́n lè ka owó àlejò sí i lọ́rùn, ìyàtọ̀ ibẹ̀ kò sì kéré. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń gba àwọn tó fẹ́ kí ọmọ padà lọ ka yunifásítì níbẹ̀ níyànjú pé JSS 3 ni kí ọmọ kàwé nílé mọ. Ọmọ ọdún 14 tó padà ṣì lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe GCSE.

Àwọn nǹkan kéékèèké: ẹ kọ̀wé sí ilé-ìwé tó ń lọ níbẹ̀ pé ọmọ ń kúrò, kí wọ́n má baà máa wá a bí ọmọ tó sọnù. Ẹ sọ fún ìjọba tó ń san owó ọmọ fún yín. Bí bàbá àti ìyá kò bá sí papọ̀ mọ́, kí ẹnì kan má dá gbé ọmọ wá láìsí ìwé ìyọ̀ǹda ẹnì kejì, nítorí òfin lè kà á sí jíjí ọmọ gbé. Ẹ gba pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà fún ọmọ, ẹ sì gba NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀) fún un. Láìsí NIN kò lè forúkọ sílẹ̀ fún JAMB (ìdánwò ìwọlé yunifásítì) lọ́la. Ẹ kó ìwé ìbí, èsì ilé-ìwé ọdún méjì tó kọjá àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára dání.

Alágbàtọ́

Ìyá àgbà fẹ́ràn ọmọ, kò sí àní-àní. Àmọ́ ṣé yóò lè lọ sí ìpàdé òbí ní ilé-ìwé tó wà lórí òkè? Ṣé yóò lè bá ọmọ ọdún 13 ṣe àríyànjiyàn lórí fóònù? Àbúrò yín tó wà ní Ọbáńtokò ní mọ́tò, ṣùgbọ́n ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ló máa ń ti Èkó dé. Ẹ má fi ìtìjú ẹbí yan alágbàtọ́.

Ọ̀nà tí mo gbà pé ó dára jù láti fi mọ ẹni tó tọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ rán an níṣẹ́. Ẹ ní kó bá yín lọ sí ilé-ìwé mẹ́ta, kó gba fọ́ọ̀mù, kó ya fọ́tò, kó fi rìsíìtì ránṣẹ́. Ẹni tó bá ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tó tún fi ọ̀rọ̀ tí ẹ kò béèrè kún un (“Àǹtí, ọ̀nà ibẹ̀ kò dára bí òjò bá rọ̀”), òun ni ẹni yín. Ẹni tó ń wí fún yín pé “máa lọ lọ́la” fún oṣù kan gbáko, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì wá ẹlòmíràn.

Ẹ san owó fún un lóṣooṣù. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìmọ ẹbí. Ẹni tó ń fi epo mọ́tò rẹ̀ àti àkókò rẹ̀ sílẹ̀ yẹ kó rí nǹkan gbà, bó bá sì ń rí i gbà ní gbangba, kò ní máa yọ ọ́ lábẹ́lẹ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń mójú tó ọmọ jẹ́ ẹni kan náà tí owó ń gba ọwọ́ rẹ̀. Ẹ ṣe ìwé ìbúra kóòtù tó fi orúkọ alágbàtọ́ hàn, kí ẹ sì kọ lẹ́tà sí ilé-ìwé: àwọn wo ló lè wá mú ọmọ, ta ló lè fọwọ́ sí ìtọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn. Bí orúkọ kò bá sí nínú lẹ́tà náà, kí wọ́n má gbé ọmọ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá.

Ẹ wo ibi tí alágbàtọ́ ń gbé mọ́ ibi tí ilé-ìwé wà. Ìlú olókè ni Abẹ́òkúta, ọ̀nà rẹ̀ kò tẹ́jú bí ó ṣe rí lórí máàpù. Ọmọ tó ń gbé Ọbáńtokò tó ń lọ sí Adígbẹ́ yóò la Àṣẹ́rò, Kútò àti Pànṣẹ́kẹ́ kọjá láàárọ̀, àkókò tí gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba ń sáré lọ sí Òkè-Mosán. Ẹni tó ń ti Lafẹ́nwá bọ̀ ní afárá odò Ògùn àti ọjà láti bá wọ̀yá ìjà. Ọmọ tó ń jí ní agogo márùn-ún ìdájí lójoojúmọ́ yóò máa sùn ní kíláàsì, kò sí iye owó ilé-ìwé tó lè yí ìyẹn padà.

Kíláàsì wo ni yóò bọ́ sí?

Ọmọ tó wà ní Year 6 ní ìlú Ọba bá Praímárì 6 wa dọ́gba, Year 7 bá JSS 1, Year 9 bá JSS 3, Year 10 bá SS 1. Ní JSS 3 ni wọ́n ń ṣe BECE, ìdánwò ìparí girama kékeré. Ní SS 3 ni WAEC àti NECO. JAMB sì fẹ́ kí ọmọ pé ọdún 16 kó tó wọ yunifásítì, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ilé-ìwé kankan fi ìgbéraga fò ó kọjá kíláàsì méjì.

JSS 1 ni àkókò tó rọrùn jù láti wọlé. Gbogbo wọn ló jẹ́ àlejò, kò sí ẹni tó mọ ilé. SS 1 náà ṣeé ṣe, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pín sí sáyẹ́ǹsì, áàtì àti kọmáṣà. Lẹ́yìn SS 1, ẹ má ṣe é. WAEC ń gba máàkì ọmọ láti SS 1 wá lọ́wọ́ ilé-ìwé. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní SS 2 ìparí yóò di ọ̀rọ̀ “ẹ jẹ́ ká wá ọgbọ́n dá sí i”, ọgbọ́n yẹn kì í sì dára.

Ẹ mọ̀ pé ọmọ yín lè mọ Gẹ̀ẹ́sì sọ ju gbogbo kíláàsì lọ, kó sì gba ipò ogún. Kì í ṣe pé ó gọ̀. Níbí, tísà ń kọ nótì sójú pátákó, ọmọ ń dà á kọ. Ọ̀pọ̀ ìdánwò ni kí ọmọ sọ ohun tó wà nínú nótì jáde bó ṣe wà. Ó tún fẹ́ mọ Agric, Civic, Basic Technology àti orúkọ àwọn ìpínlẹ̀ 36 àti olú-ìlú wọn. Ẹ gba tísà lẹ́sìn (ẹ̀kọ́ àfikún lẹ́yìn ilé-ìwé) fún un ní sáà àkọ́kọ́, kí ẹ má sì bínú sí èsì sáà yẹn.

Irú ilé-ìwé wo?

Àwọn bàbá tó jáde níbí máa ń fẹ́ kí ọmọ wọn lọ sí ilé-ìwé tí àwọn lọ. Mo mọ bó ṣe ń ṣe ọkàn. Abẹ́òkúta Grammar School ti wà láti 1908, Baptist Boys' High School láti 1923, Lisabi Grammar School láti 1943. Níbẹ̀ ni àwọn èèyàn ńlá ti jáde: Wọlé Ṣóyínká àti Fẹlá kàwé ní Grammar School, níbi tí Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti ti jẹ́ pírínsípà. Ọbásanjọ́ àti M. K. O. Abíọ́lá kàwé ní Baptist Boys'. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìjọba ti gba àwọn ilé-ìwé ìjọ ní àárín ọdún 1970 sí 1979, ilé-ìwé ìjọba ni wọ́n, ọmọ sì pọ̀ ní kíláàsì ilé-ìwé ìjọba. Ẹ má fi ìrántí yan ilé-ìwé. Ẹ lọ wo ó lónìí. Bí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ibẹ̀ bá lágbára, tí wọ́n ń tún ilé kọ́, tí wọ́n ń san owó fún tísà kún ti ìjọba, ó lè ṣiṣẹ́ fún ọmọ tó le, tó ní alágbàtọ́ tó ń mójú tó o. Fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti kíláàsì ọmọ 25 ní Birmingham dé, yóò nira.

Láàárín ìjọba àti aládàáni, ilé-ìwé mìíràn wà. FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, ní ilé-ìwé tirẹ̀. Ilé-ìwé àwọn ọmọ ogun ojú omi wà ní Abẹ́òkúta, bọ́dìn ni. Bí ẹ bá fẹ́ ilé-ìwé ìjọba àpapọ̀, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, FGC (Federal Government College) wà ní Ọ̀dọ̀gbolú, FGGC, ti àwọn ọmọbìnrin, sì wà ní Ṣágámù, ìdánwò àwọn ọmọ Praímárì 6 tí NECO ń ṣe ni wọ́n fi ń wọlé. Àwọn aládàáni pọ̀ káàkiri Ìbarà, Àṣẹ́rò, Oníkólóbó, Ìdí-Àbà dé Ọbáńtokò.

Bí ilé-ìwé bá sọ pé “British curriculum” ni àwọn ń kọ́, ẹ bi í pé ìdánwò wo ni àwọn ọmọ ń jókòó ṣe. Cambridge, tó ń ṣe ìdánwò IGCSE, ní ibi tí a ti ń wá orúkọ ilé-ìwé lórí ìkànnì rẹ̀. Bí orúkọ kò bá sí níbẹ̀, ìwé tí wọ́n ń lò ló jẹ́ ti òyìnbó, kì í ṣe ìdánwò. Ìyẹn kò sọ ọ́ di ilé-ìwé burúkú. Ó kàn jẹ́ pé kò yẹ kí ẹ san owó IGCSE fún WAEC.

Ẹ yẹ ìwé wọn wò

Gbogbo ilé-ìwé aládàáni gbọ́dọ̀ ní ìwé ìfọwọ́sí láti Ilé-iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀, tó wà ní Òkè-Mosán. Kí alágbàtọ́ ní kí wọ́n fi han òun, kó sì wo ibi tí ìfọwọ́sí náà dé. Wọ́n lè fọwọ́ sí jẹ́lé-ó-sinmi àti praímárì, kí ilé-ìwé kàn gbé girama lé e lórí. Bó bá ṣe é ní iyèméjì, kó wọ ọ́fíìsì náà lọ béèrè. Wọ́n kì í lé ènìyàn.

Lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà sẹ́ńtà WAEC. Ilé-ìwé tí WAEC kò tíì fọwọ́ sí máa ń kó àwọn ọmọ SS 3 lọ sí ilé-ìwé ẹlòmíràn láti lọ ṣe ìdánwò. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ “mírákù sẹ́ńtà” ti ń yọjú, níbi tí wọ́n ti ń kọ ìdáhùn sójú pátákó. Bí WAEC bá mú wọn, èsì gbogbo wọn lè wọgbó, ti ọmọ yín tó kàwé náà á bá a lọ. Ilé-ìwé tó ń fọ́nnu pé gbogbo ọmọ ló gba A, ẹ ní kí wọ́n fi èsì ọdún mẹ́ta hàn yín lódindi: ọmọ mélòó ló jókòó, mélòó ló ní krédíìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò. Ilé-ìwé olóòótọ́ máa ń ní àwọn tó kùnà, wọn kì í sì fi í pamọ́.

Ọjọ́ ìbẹ̀wò

Ìròyìn kò tó àfojúbà, kí fídíò tí wọ́n fi drone ya má tàn yín jẹ. Bí ẹ bá lè wálé fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ wá nígbà tí ilé-ìwé wà ní ìwọlé, kì í ṣe ní oṣù kẹjọ tàbí àkókò Kérésìmesì. Ọkọ̀ ojú irin ń ti Èkó wá sí Abẹ́òkúta, ẹ lè gùn ún, kí ọmọ náà rí ọ̀nà. Bí ẹ kò bá lè wá, kí alágbàtọ́ lọ lẹ́ẹ̀mejì: ìgbà àkọ́kọ́ kí ó ti sọ pé òun ń bọ̀, ìgbà kejì kó yọ sí wọn ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá òwúrọ̀, kó pè yín lórí fídíò WhatsApp bó ṣe ń rìn.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọ ni kó kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ti àlejò. Ṣé omi wà níbẹ̀, ṣé ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣeé tì? Bí wọ́n bá ní kọ́kọ́rọ́ kò sí lọ́wọ́ àwọn lónìí, èsì nìyẹn. Kó wo ibi tí omi mímu ti ń wá. Kó bèèrè ohun tí wọ́n ń ṣe bí iná bá lọ, nítorí iná yóò lọ: ṣé sólà ni, àbí gẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn?

Ní bọ́dìn, kó ka bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá kan. Kó wo fèrèsé: ọ̀pọ̀ ló ní irin ìdáàbòbò, ó dára nítorí olè, ṣùgbọ́n bí iná bá sọ lóru, ibo ni ọmọ yóò gbà jáde? Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo kò tó. Ta ló ń sùn mọ́ àwọn ọmọ? Ṣé àwọn ọmọ SS 3 àti JSS 1 ń sùn sí yàrá kan náà? Ìfìyàjẹni àwọn sínió ni ohun tí ọmọ bọ́dìn kì í sọ nílé, kò sí ilé-ìwé tó lè ní kò sí ní ọ̀dọ̀ òun, ìbéèrè tó yẹ ni pé, “Kí ni ẹ ṣe sí sínió tó lu ọmọ kẹ́yìn?” Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rín ni wọ́n fi dáhùn, ẹ yí padà.

Kó mú ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ kan tó wà lórí tábìlì, kó ṣí i. Ṣé tísà ti máàkì rẹ̀ láàárín oṣù yìí? Ṣé ó ṣàtúnṣe, àbí ìlà pupa gọbọi kan ló fà kọjá? Mo gbẹ́kẹ̀ lé ìwé yẹn ju gbogbo kọ̀ǹpútà inú láàbù wọn lọ. Kó bèèrè bí tísà ìṣirò ti pẹ́ tó níbẹ̀. Ilé-ìwé tí tísà ń fi sílẹ̀ ní gbogbo sáà kì í san owó wọn bó ṣe yẹ.

Ọ̀rọ̀ ẹgba ńkọ́? Ọmọ tó ti òkè òkun bọ̀ kò tíì rí pàṣán rí, kò sì sí àǹfààní kankan nínú kó jẹ́ ìyẹn ni yóò kọ́kọ́ kí i. Ìpínlẹ̀ Ògùn ní Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ láti 2006, síbẹ̀ ẹgba ṣì wà ní ọ̀pọ̀ kíláàsì. Ẹ béèrè ìlànà wọn ní ìwé, kí ẹ kọ tiyín náà sí fọ́ọ̀mù ìwọlé: ẹ ò fọwọ́ sí i kí wọ́n na ọmọ, wọ́n lè pe alágbàtọ́ fún ohunkóhun.

Nígbà tí alágbàtọ́ bá ń jáde, kó ra ẹ̀pà tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ́wọ́ ìyá tó ń tajà ní ẹnu géètì. Ìyá yẹn mọ ìgbà tí àwọn ọmọ ń fo fẹ́ǹsì, ó mọ tísà tó ń pẹ́ dé, ó mọ ilé-ìwé tí ọmọ rẹ̀ tàbí ọmọ ọmọ rẹ̀ ń lọ, ó sì lè jẹ́ pé kì í ṣe èyí.

Owó

Ẹ má gba iye tí wọ́n kọ sí ojú ìkànnì gbọ́. Ẹ béèrè gbogbo rẹ̀ ní ìwé kan: fọ́ọ̀mù, owó ìgbàwọlé, yunifọ́ọ̀mù, aṣọ eré ìdárayá, ìwé, owó ìdàgbàsókè, PTA, lẹ́sìn, ayẹyẹ òpin ọdún, owó ìdánwò. Ti bọ́dìn tún ní ìwé ẹrù: fóòmù, àwọ̀n ẹ̀fọn, bọ́kẹ́ẹ̀tì, ìpèsè (oúnjẹ ìpanu), àdá àti ìgbálẹ̀. (Bẹ́ẹ̀ ni, àdá. Ẹ ṣàlàyé fún ọmọ kó tó rí i.)

Àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ ilé-ìwé ni kí ẹ máa san owó sí, tààrà láti ọwọ́ yín, ní sáà kọ̀ọ̀kan. Kò ní gba ọwọ́ ẹ̀gbọ́n, kò ní gba àkáǹtì pírínsípà. Ẹ má san owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà nítorí ẹ̀dínwó díẹ̀, nítorí bí ọmọ bá ní láti kúrò ní oṣù kejì, owó tó ti wọlé kì í rọrùn láti gbà jáde. Kí rìsíìtì ní orúkọ ọmọ àti sáà.

Ìlera

Ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun kò ní agbára tí ọmọ tó dàgbà níbí ní láti kojú ibà. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè ní ibà kí wọ́n ṣì máa gbá bọ́ọ̀lù. Òun, ó lè gbé e ṣánlẹ̀. Ẹ rí dókítà kí ẹ tó wọkọ̀ nípa oògùn ìdènà ibà, abẹ́rẹ́ táífọ́ọ̀dù àti ti ibà pọ́njú, èyí tó gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó dé. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì ilé-ìwé gbangba pé ọmọ yìí, bí ara rẹ̀ bá gbóná, ọjọ́ yẹn ni kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kì í ṣe ọ̀la, kí wọ́n má sì kàn fún un ní parasitamọ́ọ̀lù.

Ilé-ìwé yóò béèrè jẹnotáìpù àti irú ẹ̀jẹ̀. Ẹ kó wọn wá. Ọmọ tó ní asíìmà, ẹ fún un ní oògùn tó tó sáà kan, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, nítorí eruku ọyẹ́ àti èéfín gẹnẹrétọ̀ kò ní ṣàánú rẹ̀. Kí alágbàtọ́ sì ti ṣí káàdì fún un sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn tó súnmọ́ wọn: Federal Medical Centre wà ní Ìdí-Àbà, Sacred Heart, tó ti wà láti 1895, wà ní Lántòrò.

Sáà àkọ́kọ́

Bọ́dìn kì í gba fóònù. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ọjọ́ àti wákàtí ìpè sí ìwé: fóònù matron, ọjọ́ Sátidé, agogo mẹ́rin wa, kí ọmọ mọ̀ pé ẹ óò pè. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́ pé òbí kò gbọ́dọ̀ bá ọmọ sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ mú ọmọ lọ sí ibòmíràn.

Ọmọ yóò sunkún ní oṣù àkọ́kọ́. Yóò ní òun fẹ́ padà. Ìyẹn nìkan kò tó láti mú un kúrò. Àwọn àmì tó yẹ kí ẹ gbé yẹ̀ wò ni kó dákẹ́ láìfẹ́ sọ ohunkóhun, kó máa rù, kó máa bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé, kó máa béèrè owó tí kò lè ṣàlàyé, tàbí kí alágbàtọ́ rí ojú ọgbẹ́ lára rẹ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, kí alágbàtọ́ lọ gbé e jáde fún òpin ọ̀sẹ̀ kan, kó wẹ̀, kó jẹ ẹ̀wà àti dòdò, kó sùn, lẹ́yìn náà kó bi í léèrè, òun nìkan, kì í ṣe níwájú matron.

Bí ẹ bá rí i pé ilé-ìwé kò bá a mu, òpin ọdún ẹ̀kọ́ ní oṣù keje ni kí ẹ pàrọ̀ rẹ̀, àfi bí ewu bá wà. Ẹ gba ìwé tó ń gbé ọmọ láti ilé-ìwé kan lọ sí òmíràn, pẹ̀lú èsì gbogbo sáà tó ti lò, kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí ẹ ń lọ. Àwọn kan máa ń dá ìwé dúró títí ẹ ó fi san owó sáà tó ń bọ̀.